Ta Ló Ní Àgbà Kò Gbọdọ̀ Kàwé Ní Yunifásítì?

Bí ẹ bá dárúkọ ẹ̀kọ́ àgbà létí àwọn kan, ohun tí wọ́n máa ń rò ni a-b-d lójú pátákó: kí bàbá arúgbó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ara rẹ̀, kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyẹn dára, n kò ní kò dára. Ṣùgbọ́n ìjà tèmi lóṣù yìí kì í ṣe ti a-b-d. Ti yunifásítì ni. Mo ní kí àwọn yunifásítì tó wà ní Èkó kó ẹ̀kọ́ wọn wá bá àwọn àgbà ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége, ní ìrọ̀lẹ́, ní èdè tí wọ́n gbọ́, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè sátífíkéètì.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rín in tán, kí ẹ wá gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1949, ó ti ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Extra-Mural. Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast tó di Gánà lónìí, ni ọ̀gá ibẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ka yìí ni pé kí olùkọ́ jáde nínú ọgbà, kí ó lọ bá àwọn tíṣà, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ nínú ìlú, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ìtàn àti ètò ìjọba. Kì í ṣe nítorí oyè. Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe olórí wa nìyẹn o! Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tòde òní, níbo lẹ gbé e sí?

Wọn yóò ní kò sọnù. Wọn yóò ní Yunifásítì Èkó ti ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni láti òkèèrè láti 1974, wọn yóò sì ní National Open University wà. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin tó dá National Open University yìí sílẹ̀ jáde ní 1983, ìjọba ológun sì tì í pa ní 1984. Ó di 2002 kí wọ́n tó ṣí i padà. Ẹni tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí wọ́n tì í ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018, lẹ́yìn tó ti pé ọgọ́rin ọdún. Mo kí Bàbá, ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe olórí ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún. Ẹni tó fi ìwé mẹ́fà wọ ilé iṣẹ́, níbo ni yóò ti rí kírẹ́díìtì?

Àwọn ẹni wọ̀nyí ló sì kún àdúgbò wa. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba náà ló sì la ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di 2008 tó dá iṣẹ́ náà dúró. Àìmọye àwọn tó ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ló ń gbé Agége. Ọkùnrin wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá kan ké, yóò sọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì ìbá sì jàǹfààní lára rẹ̀ bí wọ́n bá lè jọ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan péré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Láti ìgbà òfin pẹ́ńṣàn ti 2004, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lábẹ́ òfin náà gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Bóyá kí àwọn tó ń tọ́jú owó rẹ̀ máa san án fún un díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fi owó náà ra ìsanwó títí ọjọ́ ikú lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Nínú ti àkọ́kọ́, ohun tó bá kù yóò di ti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà lè tán lójú rẹ̀. Nínú ti èkejì, kò ní tán níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lè retí pé kí gbogbo èyí tó kù bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ṣé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn? Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé rẹ̀. Bàbá kan ládùúgbò wa buwọ́ lù ú láàárín ọ̀sán kan, nítorí pé ẹnu ọmọkùnrin tó gbé e wá dùn. Bàbá yìí kan náà lọ béèrè ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ lọ sinmi, ẹ ti ṣe tiyín." Ọmọ tó wá tà á ní pẹ́ńṣàn kò sọ pé kí ó lọ sinmi o.

Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ pàápàá kò rí àyè wọlé, kí la wá ń sọ ti arúgbó sí? Ta ló fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀? Àwọn kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Agége máa ń ṣófo ní ìrọ̀lẹ́. Láti 2022, ìjọba Èkó ti ní yunifásítì mẹ́ta, owó orí wa sì wà níbẹ̀. Ti LASU, tí Jákàńdè dá sílẹ̀ ní 1983, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ìkẹjà níhìn-ín. Àwọn dókítà ibẹ̀ kò lè fi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà fún àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì l'Ágége? Ní ìlú Toulouse nílẹ̀ Faransé, láti 1973 ni yunifásítì ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà náà.

Bí olùkọ́ Àkọká bá sì ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni kò jẹ́ kí òun lè wá, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Yábàá, Ìkẹjà àti Agége láti 2024. Kí ó wọ̀ ọ́ ní agogo mẹ́rin. A ó wá pàdé rẹ̀ ní ìdíkọ̀.