Ọmọ Kì Í Gbé Ilẹ̀ Dání Wá Sáyé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí àti bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ láyé. Bí a bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín wa, èsì kan náà là ń gbọ́: Ọlọ́run tó la ẹnu kò ní fi ebi pa á. Èmi náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ọmọ wo ló gbé ilẹ̀ tirẹ̀ dání wá sáyé?

Ìkànìyàn 1963 sọ pé àwa ọmọ Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 55. Ti 2006 lé ní mílíọ̀nù 140. Wọ́n tún fẹ́ kà wá ní 2023, wọ́n sún un síwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fojú díwọ̀n rẹ̀ ní a ti kọjá mílíọ̀nù 200. Ilẹ̀ tí a dúró lé ní 1963 kò fẹ̀ sí i.

Àgbẹ̀ ni mí, ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Láyé àwọn bàbá wa, bí wọ́n bá dáko sórí ilẹ̀ kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn á fi í sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún méje, nígbà mìíràn ọdún mẹ́wàá, títí yóò fi di igbó padà. Ewé á wọ́, á jẹrà, ilẹ̀ á tún sanra. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ lónìí? Bí bàbá kan bá ní éékà 10, tó bí ọmọkùnrin márùn-ún, éékà méjì-méjì ló kàn wọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá tún bí márùn-ún, ohun tó kan ọmọ-ọmọ kò tó ìdajì éékà. Kí ló fẹ́ fi sílẹ̀ kó sinmi níbẹ̀? Ilẹ̀ tí kò bá sinmi á ṣá, èkan á gbà á, ẹ̀gẹ́ tí a bá wú níbẹ̀ á rí tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Ajílẹ̀ sì ti wọ́n ju agbára wa lọ. Bí ilé bá ti le báyìí, àdá lọ́wọ́, ó di igbó ọba.

Ẹ wo igbó Omo ní apá Ìjẹ̀bú. Láti 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Erin ń bẹ níbẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, àwọn agégẹdú àti àwọn oníkòkó ti wọ inú rẹ̀ jìnnà. Erin tí a gba ibùgbé rẹ̀ á wọ oko wá jẹun, ìjà á sì dé. N kò ní gbèjà agégẹdú, ṣùgbọ́n oníkòkó ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àìsí ilẹ̀ nílé ló gbé e débẹ̀.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló ń ba ayé jẹ́ jù wá lọ. Òótọ́ ni. Èéfín tí ará Amẹ́ríkà kan ṣoṣo ń tú sójú ọ̀run lọ́dún ju ti ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá lọ. Kí wọ́n bá wọn wí gidigidi. Ṣùgbọ́n èéfín Amẹ́ríkà kọ́ ló gé igbó Omo.

Ní 1988, ìjọba gbé ìlànà kan jáde pé ọmọ mẹ́rin ni kí obìnrin kan bí mọ. Obìnrin o! Ọkùnrin ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, tó bí ọmọ 12, kò rú ìlànà kankan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń dá jókòó ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń là lọ́yẹ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò sọ pé òun ò gbà wà nílé tó ń ta ayò.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ni pé kí àwọn nọ́ọ̀sì máa ránṣẹ́ pe àwa ọkọ náà. Àwa là ń pín ilẹ̀, àwa la mọ bó ṣe kù. Kí wọ́n má sàá pè wá lọ́jọ́ ọjà, nítorí kò sẹ́ni tí yóò lọ.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, Ìbàràpá.