Ríríran lóru nìkan kò tó fún ààbò Mushin
Ní oṣù Òkúdù ọdún 2021, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọkọ̀ àti aṣọ adènà-ọta ta àwọn ọlọ́pàá lọ́rẹ. Ẹ̀rọ ìríran òru, tí a ń so síwájú awò ìbọn, lè wá dà bí ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń sọ di púpọ̀. Kò lè ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́jà tó pẹ́ kó tó délé. Ní Mushin, níbi tí ilé ti fara kan ilé, aláìṣẹ̀ ni ọta tó bá ṣìnà yóò bà. Nítorí náà, a gbà pé iná òpópónà àti Ẹ̀ṣọ́ Ààbò Àdúgbò, tí òfin ọdún 2016 dá sílẹ̀, ló yẹ kó ṣáájú ìbọn. Bí ohunkóhun bá ń fu yín lára, ẹ pe 767 tàbí 112.