Ogun Odi Kánò Kan Àwa Náà

Nínú ìpàdé gbogbogbòò tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dìde, ó béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ogun tí òyìnbó bá Kánò jà ní 1903, tí ẹgbẹ́ fi kó ọmọ 27 sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gidan Makama láti lọ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ó ní ì bá sàn kí a fi owó bọ́ọ̀sì náà kún owó onílù ìparí ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí ìwé ìròyìn yìí sọ tirẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Akọ̀wé tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbé Kánò fún ọdún 23. Iye ìgbà tí ó ti di ẹrù aṣọ kọjá níwájú Gidan Makama kò lóǹkà, kò sì wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, àfi ní ọjọ́ Sátidé tí a kó àwọn ọmọ lọ. Ilé amọ̀ ni, ní tòsí ààfin Sarki, láti àárín ọdún 1400 sí 1500 ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn tóbẹ́ẹ̀ tí ooru ìta kò lè bá ènìyàn wọlé. Bí a ti wọlé ni àwọn ọmọ dákẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ọmọ Sabon Gari yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tí a lọ gbọ́ níbẹ̀ nìyí. Lugard ta àsíá ìjọba òyìnbó sókè ní Lokoja ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ó ṣẹ́gun Bida àti Kontagora ní 1901. Ní oṣù Kẹwàá 1902, Magaji Keffi pa òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan tí à ń pè ní Moloney, ó sì sá lọ sí Kánò. Sarki Aliyu gbà á sílé. Ìyẹn ni Lugard dì mú. Ní ìparí oṣù Kìíní 1903, Morland kó ṣọ́jà dúdú tí ó lé ní 700 kúrò ní Zaria, pẹ̀lú ìbọn Maxim mẹ́rin àti àgbá mẹ́rin. Bebeji dènà dè wọ́n, ó sì ṣubú. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, wọ́n dé ẹsẹ̀ odi Kánò.

Lugard fúnra rẹ̀ rí odi náà lẹ́yìn ogun, ẹnu sì yà á. Ó ní yíyí odi náà ká tó máìlì 11, ó ní bodè 13, yàrà méjì wà níwájú rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Àwa tí a ń fi ọ̀pá wọn aṣọ, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọ̀pá 13, amọ̀ lásán, láìsí símẹ́ńtì. Àgbá òyìnbó kọ́kọ́ bá bodè kan jà, kò ràn án. Wọ́n yí lọ sí Kofar Kabuga ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, àgbá dá ihò sí bodè náà, ṣọ́jà sì gba ibẹ̀ wọlé. Kánò bọ́ sọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Sarki Aliyu kò sí nílé. Ó ti lọ sí Sokoto pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun láti lọ kí Sultan tuntun. Ọ̀nà ni ìròyìn ti bá a. Ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yọ ọ́ lóyè. Lokoja ni ó kú sí ní 1926. Waziri rẹ̀ tí ó dúró jà ní Kwatarkwashi kú sójú ogun. Abbas, tí òun àti Aliyu jọ jẹ́ ọmọ bàbá, ni òyìnbó fi jọba.

Láti Gidan Makama, bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Kofar Kabuga. Odi ti wó ní ibi púpọ̀, ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ń kọjá, wọn kò bìkítà. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 11, ti fa agbádá mi tí ó béèrè pé, "Bàbá Akọ̀wé, níbo ni àwa wà ní ọjọ́ náà? Ṣé inú odi ni, àbí ẹ̀yìn odi?"

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé a kò sí níbẹ̀, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà, à ń jẹ iyán wa. Irọ́ ni ì bá jẹ́.

A wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí Lugard ń kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun WAFF jọ láti 1897 lọ, Háúsá ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Nupe wà níbẹ̀, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká ní 1893 ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mọ ìbọn yìn, tí wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn, wà káàkiri ilẹ̀ wa. Òyìnbó ní owó oṣù, wọ́n sì bá a lọ. A kò lè máa sọ pé ogun òyìnbó àti Háúsá ni, bí ẹni pé òyìnbó nìkan ni ó ru àgbá dé Kabuga.

A sì wà nínú odi. Àdúgbò Ayagi wà nínú ìlú Kánò, Yorùbá Mùsùlùmí oníṣòwò ni ó sì ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé rárá. Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí ó ń ta góòrò, Háúsá ni gbogbo wa ń pè é, Háúsá ni ó sì ń sọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé a lọ sí Kabuga, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ayagi ni òun, àti pé wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé wọn pé bàbá bàbá bàbá òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ náà, òun àti ìyàwó àti ọmọ, wọ́n ń gbọ́ ìró àgbá. Ọdún 12 ni mo ti ń ra góòrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì ọmọbìnrin náà nìyẹn. Inú odi ni a wà, ẹ̀yìn odi ni a wà. Bóyá ẹni tí ó yin ìbọn àti ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn jẹ́ ará ilú kan náà, ta ni ó mọ̀?

Nítorí náà ni a kò fi lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a bọ̀wọ̀ fún un. Sabon Gari tí à ń ná, tí à ń san owó ilé nínú rẹ̀, láti inú ogun náà ni ó ti wá. Ogun náà ni ó la ọ̀nà fún ojú irin tí ó dé Kánò ní 1911. Ojú irin ni ó kó ẹ̀pà lọ, tí ó sì kó àwọn bàbá wa wá. Ìjọba òyìnbó ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi fún àjèjì. Ẹni tí ó bá ń jẹ nínú nǹkan kò lè ní kò kan òun.

Ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ fún àwọn mìíràn pẹ̀lú, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n gbọ́ pé Yorùbá wà nínú ṣọ́jà Morland, tí wọ́n sì ti ń fi í halẹ̀ níbi ayò pé "àwa ni a fọ́ Kánò." Ẹ gbé ẹnu yín dákẹ́. Àárín ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kú sí ẹnu bodè náà ni à ń gbé. Wọ́n ń ra ọjà wa, wọ́n sì ń wá kí wa bí a bá ṣọ̀fọ̀. Tí a bá kó ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó lè mọ ẹnu sọ ni, kì í ṣe kí ó lè fọ́nnu.

Ohun kan tún wà tí ó dùn mí nínú ilé náà. Kánò pa ìtàn tirẹ̀ mọ́. Tiwa ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún 1953, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Sabon Gari yìí nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fẹ́ wá ṣe ìpàdé. Ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú. Àwọn bàbá wa wà níbẹ̀. Mo wá àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa nípa rẹ̀ nínú àpótí, èèpẹ̀ ikán ni mo bá. Ẹ̀bi àwa akọ̀wé ni, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí èmi. Àwa ni a kò gbé àpótí kúrò nílẹ̀.

Àbá wa nìyí fún ọjọ́ ìdìbò. Kí ẹgbẹ́ máa kó àwọn ọmọ lọ sí Gidan Makama àti Kofar Kabuga lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí òbí san ìdajì owó ọkọ̀, kí àpò ẹgbẹ́ san ìdajì. Onílù yóò ṣì lù, ẹ má bẹ̀rù. Kí ẹgbẹ́ sì ra àpótí irin kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fọ́tò àtijọ́, ìwé owó ilé, lẹ́tà tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí bàbá rẹ̀ bá wá, kí ó gbé e wá sí ìsọ̀ akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. A ó kọ rìsíìtì fún un, a ó sì dá a padà tí a bá ti ya àwòrán rẹ̀ tán.