Ẹ má fi káàdì Kérésìmesì àtijọ́ dáná

Ọdún ti ń sún mọ́lé, gbogbo ilé ní Ikpinlè àti abúlé tó yí i ká ló ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń kun ọ̀dà. Irú àsìkò yìí ni wọ́n máa ń gbé àpótí pánù àwọn àgbàlagbà jáde, tí wọ́n á sì da ohun inú rẹ̀ sórí ààtàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó ṣáná sí i.

Nínú àpótí ìyá wa àgbà, káàdì Kérésìmesì mọ́kànlá la bá níbẹ̀. Wọn ò ra ìkankan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣe tíṣà lọ́nà jíjìn ló ń fi páálí ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe é. Wọ́n ya ọ̀pẹ, wọ́n ya kẹ̀kẹ́, wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ti ọdún 1975 ló gbà wá lọ́kàn jù. Wọ́n ti kọ "Dahomey" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fa ìlà lé e, wọ́n kọ "Bénin" sí ẹ̀gbẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún náà ni Ààrẹ Mathieu Kérékou yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà. Kò tíì pé oṣù kan tí tíṣà yìí fi jókòó ti káàdì wọn, ọwọ́ ò tíì mọ orúkọ tuntun. Ìwé ìtàn lè sọ ọjọ́ náà fún wa, ṣùgbọ́n kò lè fi ìlà tí wọ́n fà yẹn hàn wá.

Ẹ̀yìn káàdì kún fún ìròyìn: ẹni tó bímọ, iye tí epo pupa ń lọ, ẹni tó jẹ gbèsè. Ìyá rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka ìyẹn. Wọ́n ní onítọ̀hún ò tíì san án dòní.

Ẹlòmíràn á ní nǹkan òyìnbó ni káàdì. Òótọ́ ni. Ní 1843, Henry Cole ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ẹgbẹ̀rún kan, torí kò ráyè kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tíṣà tiwa ráyè.

Ẹ wo Ìbàdàn. Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó, ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sínú ìwé láti 1920 títí di 1960. Ìwé inú ilé lásán ni. Lónìí, ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ló wà, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń lọ kà á níbẹ̀.

Àwa ò ní kí ẹ sáré kó tiyín fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà ní Àjàṣẹ́, ọjọ́ rẹ̀ lè pé. Ilé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ẹ fi fóònù ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn pẹ̀lú, torí ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ wà, ẹ má sì torí pé ẹ ti yà á ju páálí náà nù. Fóònù a máa bọ́ sómi. Èyí tó ká wa lára jù ni pé kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ kọ èsì wọn sórí ìwé mìíràn.

Orúkọ mẹ́ta ni tíṣà ní kí wọ́n bá òun kí lórí káàdì 1975. Ìyá mọ méjì. Ẹ̀kẹta ni "Ìyá Onígaàrí". Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní àwọn á rántí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò padà lọ bi wọ́n.