Ta Ní Ń Háyà Ilé fún Pàǹtírí?

Ẹ̀yin tí àpótí ímeèlì yín ti kún dẹ́nu, tí Google wá ń kọ̀wé sí yín pé kí ẹ wá ra àyè sí i, ẹ dúró ná! Owó tí kò ní tán lẹ fẹ́ máa san un. Ta ní ń háyà ilé fún pàǹtírí?

Lóòótọ́, gígábáìtì 15 tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti lẹ́tà nìkan. Fótò tí ẹ kó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígábáìtì 1 péré ni Gmail fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, àwọn kan sì rò pé wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, pé ó ti pọ̀ jù. Lẹ́tà kọ́ ló ń kún ibẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lẹ́tà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lè má tó fídíò ìṣílé kan ṣoṣo. Fáìlì tí a so mọ́ lẹ́tà tún máa ń wú lójú ọ̀nà: mẹ́gábáìtì 3 á di 4.

Ẹ tẹ larger:10M síbi tí ẹ ti ń wá lẹ́tà nínú Gmail, kí ẹ wá wòran! Ìwé ìkésíni òkú ọdún 2012, fídíò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà… Ẹ yọ èyí tó wúlò, ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ sì da garawa ìdọ̀tí náà nù, torí ohun tí ẹ jù síbẹ̀ ṣì ń gba àyè fún ọjọ́ 30.

Àwọn kan á ní àwọn ń to nǹkan. Fódà ilẹ̀, fódà ṣọ́ọ̀ṣì, fódà inú fódà, bí akọ̀wé ìjọba àtijọ́! Fódà kì í dín ẹrù kù. Ẹ̀rọ á sì wá orúkọ kan jáde láàárín lẹ́tà 10,000 kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ìwé pàtàkì. Bàbá kú, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Láti Disẹ́ńbà 2023, Google lè pa àpótí tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún 2 rẹ́. Lẹ́tà lọ́yà lórí ilẹ̀, rìsíìtì owó ilé ìwé, ó parí nìyẹn. Ẹ wá fẹ́ bú Google? Wọ́n kúkú ṣílẹ̀kùn sílẹ̀! Takeout lorúkọ rẹ̀. Á kó gbogbo lẹ́tà yín jáde sínú fáìlì MBOX, tí ètò mìíràn lè kà. Ẹ ṣe ẹ̀dà 2 sórí dísìkì lọ́dọọdún, ẹ kọ ọdún sí i lára. Ọ̀kan nílé yín, èkejì nílé àbúrò yín, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ kan náà o.