Bí Àlejò Bá Lọ Tán Ńkọ́?

Ní oṣù Keje ọdún 2024, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ló dìbò fún Reform UK, ẹgbẹ́ òṣèlú Nigel Farage, nílùú ọba. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú AfD gba ìdá 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Jámánì, ó sì ṣe ipò kejì. Ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀: àwọn ọ̀tọ̀kùlú ti gbé ìlú lé àlejò lọ́wọ́, mẹ̀kúnnù onílùú ń jìyà, bí àlejò bá lọ, ara á tu onílé. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Fìdítì àti Ìlọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Reform kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 pé àwọn yóò fagi lé àṣẹ ìgbélùú títí láé bí àwọn bá dépò, ìyá àgbà tó ń retí owó oògùn lọ́wọ́ ọmọ tó ń tọ́jú arúgbó nílùú ọba wà lára àwọn tọ́rọ̀ náà bá. Ìbéèrè kan ló yẹ ká máa fi dán irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wò, nítorí ìtàn ti dáhùn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: bí àlejò bá lọ tán ńkọ́?

Kò yẹ ká pe àwọn tó ń dìbò bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn burúkú, ká sì kọjá lọ. Ìyà tó ń jẹ wọ́n kì í ṣe irọ́. Jaywick, ìlú kékeré etíkun, wà ní Clacton, agbègbè tó rán Farage lọ sílé aṣòfin. Ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé kò sí àdúgbò tó tòṣì tó o ní gbogbo England. Síbẹ̀, àlejò kò tó nǹkan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà oòrùn Jámánì, níbi tí AfD ti lágbára jù, ti ní àlejò kéré ju apá yòókù lọ. Bó bá jẹ́ àlejò ló ń fa ìyà, ibi tí wọ́n pọ̀ sí ni ìbínú ì bá ti gbóná jù. Iṣẹ́ ló lọ, tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò sì yà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ẹgbẹ́ tuntun dé, ó tẹ́tí sí ẹkún wọn, wọ́n gbà á gbọ́. Àmọ́ ó gbọ́ ẹkún tán, ó wá dárúkọ ẹni tí kò pa wọ́n lẹ́kún.

Àwa Yorùbá ti rí i rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Igbẹtì, tí ọ̀pọ̀ wọn bímọ sọ́hùn-ún, di ẹrù tápá wọn ká, owó àwìn wọn sì ṣègbé. Àlejò lọ tán, òṣìṣẹ́ oko kòkó wá di ọ̀wọ́n, gbèsè Ghana sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, lẹ́yìn tí Busia já owó sídì wálẹ̀, ológun gba ìjọba. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó: ní oṣù Kìíní ọdún 1983, tí owó epo ti já, tí ìbò sì ku oṣù díẹ̀, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà náà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló lọ. Orúkọ wọn ṣì wà lára báàgì tí a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Owó epo kò tìtorí ìyẹn gòkè. Kí ọdún náà tó parí, ológun ti lé Shagari.

Ẹnìkan lè sọ pé onílé ló ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òótọ́ ni, orílẹ̀-èdè lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń wọlé, kó sì lé ọ̀daràn jáde. Ẹlòmíì á ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ: àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá rí ohun tí màálù fi oko wọn ṣe, wọ́n sì rí ajínigbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi tò sẹ́yìn ajìjàgbara Sunday Ìgbòho nígbà tó fún àwọn Fúlàní ní gbèdéke láti kúrò ní Ìgàǹgán ní oṣù Kìíní ọdún 2021. N kò ní kí àgbẹ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n akátá tó gbé adìyẹ ni ká lé, kì í ṣe gbogbo ẹran inú igbó. Òfin tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe lọ́dún 2019 lórí dída ẹran kiri mọ ìyàtọ̀ yìí: ìwà ló kà léèwọ̀, kò ka ẹ̀yà kankan léèwọ̀. Ká mú un ṣẹ ló kù.

Ẹ wo fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì Ìlọrà, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960 kí ọ̀dọ́ tó jáde ìwé má baà sá lọ sígboro. Àlejò kọ́ ló sọ irú ibẹ̀ di ohun ìgbàgbé. Owó epo dé, ìjọba kẹ̀yìn sí oko. Ẹ wo obìnrin Fìdítì tó gbé abọ́ ọsàn, tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó fẹ́ dúró lọ́nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Hausa ni o, Ìgbò ni o, kì í béèrè. Owó èrò ọ̀nà ló fi ń rán ọmọ nílé-ìwé. Ohun tó ń jẹ èrè rẹ̀ ni ọsàn tó ń rà mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí kò síbi tó máa kó o pa mọ́ sí. Òṣèlú tó bá wá sọ fún un pé àlejò ni ọ̀tá rẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó máa ṣe sí ọsàn náà lọ́jọ́ kejì tí àlejò bá lọ. Bí kò bá rí i sọ, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà.