Ẹ Gba Ẹ̀rí Wa Láti Sókótó

Èmi kò ní kí wọ́n máa dá ẹjọ́ ikú lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí Adájọ́ Mojisola Dada ti ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà dájọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí Zoom, ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ẹ̀rù bà mí. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn pariwo, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Babbar Kasuwa ní Sókótó níbí. Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá wa wà ní kóòtù nílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá àwọn alátakò wa fà á. Èmi ni mo tẹ̀lé bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n san owó ilẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé àdéhùn wà, nínú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí iná sọ lọ́jà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2021. Aṣọ jó, ìwé jó. Ẹnu mi ló kù, lọ́yà wa sì ní àfi kí n wá fúnra mi.

Ẹ wo ọ̀nà náà: Sókótó, Jẹ́gà, Yàwúrì, Kọ̀ntàgórà, Mókwá, Jẹ́bà, Ìlọrin, ká tó kan ilé. Àwọn ajínigbé wà nínú igbó. Ẹni tó bá sì dé láyọ̀, akọ̀wé kóòtù lè ní adájọ́ kò jókòó lónìí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Owó ọkọ̀ ti lọ, ọjà tí mi ò tà ti lọ, mi ò sì tíì jẹ́rìí.

Òfin kò dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ láti gbọ́ wa lórí ẹ̀rọ. Abala 36 ìwé òfin 1999 ní gbangba ni kí ẹjọ́ ti wáyé. Èkó àti Èkìtì lọ béèrè ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 2020 bóyá ìjókòó orí ẹ̀rọ bá èyí mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Olabode Rhodes-Vivour ṣáájú fún ní ìjókòó orí ẹ̀rọ kò tíì lòdì sí òfin.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹlẹ́rìí jókòó sí ìyẹ̀wù rẹ̀, kí ẹnìkan máa kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ilé ẹjọ́ gíga wà ní Sókótó níbí. Kí wọ́n fún wa ní yàrá kan níbẹ̀, kámẹ́rà kan, àti akọ̀wé tí yóò yẹ káàdì wa wò, tí yóò gbé Kùránì tàbí Bíbélì fún wa búra. Kí lọ́yà ọ̀tún àti tòsì bi mí léèrè bó ṣe wù wọ́n, kí adájọ́ máa wo ojú mi. Kí wọ́n gbé telifíṣàn sí kóòtù nílé, kí àwọn ará àdúgbò tó mọ ilẹ̀ náà gbọ́ mi. Bí mo bá purọ́, wọ́n á mọ̀. Ní ti ọjọ́ tí wọ́n kàn fẹ́ mú ọjọ́ mìíràn, ohùn lórí fóònù ti tó.

Wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró. Òótọ́ ni. Àmọ́ alálùbọ́sà ibí ń fi fídíò han oníbàárà rẹ̀ ní Mile 12 l'Ékòó kó tó kó ẹrù sọ́kọ̀, wọ́n sì ń fi ná owó ńlá. Bó bá já, wọ́n á tún un pè.

Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní agbára láti ṣe ìlànà kóòtù rẹ̀. Kazeem Alogba ti Èkó ṣe tirẹ̀ nígbà kòrónà. Kí àwọn tí kò tíì ní irú rẹ̀ kọ tiwọn, kí wọ́n dárúkọ ẹlẹ́rìí ọ̀nà jíjìn nínú rẹ̀, kó má jẹ́ pé ojúrere adájọ́ kan la ó máa bẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ gan-an ní ẹlẹ́rìí kan ní Kánò, bàbá arúgbó tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ìlànà náà á gba tiwọn bó ṣe gba tèmi.